Ibi Tí Ó Yẹ Kí Sílíńdà Gáàsì Wà Nínú Agbo Ilé

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé, A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí ó mọ òwe yìí dunjú ni ó ń gbé sílíńdà gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ó sì ń sùn fọnfọn. Èrò tèmi ni pé sílíńdà kò ní àyè nínú yàrá, kò ní àyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ kí ó wà nínú ilé ìdáná pàápàá. Ìta gbangba, lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, ni ipò rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Nígbà tí a ń fi koríko bo ilé, olúkúlùkù ni ó mọ̀ pé iná gbọ́dọ̀ jìnnà sí òrùlé, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná sábà máa ń wà. Nígbà tí páànù dé, ẹ̀rù iná dínkù lọ́kàn wa; nígbà tí sítóòfù onípo kẹrosíìnì dé, a gbé oúnjẹ sísè wọ inú ilé. Gáàsì sì tẹ̀lé e, pàápàá láti ọdún 2007 tí ilé iṣẹ́ NLNG ti Bonny bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà. Èmi kò kẹ́gàn rẹ̀. Ó gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ èéfín igi tí ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá a gbélé gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀.

Ìwà rẹ̀ kìíní ni pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ní ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì. Bí ó bá jò, kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń wọ́ bí omi, a sì lúgọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti sínú gọ́tà. Fèrèsé tí ó wà lókè kò lè lé e jáde. Èkejì ni pé omi ni ó jẹ́ nínú sílíńdà. Bí ó bá jáde, a fẹ̀ ní ìlọ́po bí 250. Bí ó bá sì ti di nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ìṣáná kan tó láti mú un bú gbàmù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí yàrá kan bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, tí ó sì ga ní 10, nǹkan bí kìlógíráàmù kan àbọ̀ gáàsì ni ó tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀tù ìbọn. Sílíńdà tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa a máa gba kìlógíráàmù 12.5.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú ewu yìí wà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti se tíì nínú ilé alájà 22 tí a ń pè ní Ronan Point. Àjà kejìdínlógún ni ó ń gbé. Gáàsì ti ń jò láti ibi ìdè idẹ kan lẹ́yìn sítóòfù rẹ̀. Bí ó ti ṣáná báyìí, igun ilé náà wó láti òkè dé ilẹ̀. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n ènìyàn 4 kú.

Lónìí, bí ẹ bá ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi í léèrè nípa ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì gbé omi kaná fún ìwẹ̀ àti fún mímú ilé móoru. Ara ògiri tí ó kan ìta ni a sábà máa ń so ó mọ́, a ó sì ti ọ̀pá kan gba inú ògiri já síta, kí ó lè máa mí. Òfin wọn ti ọdún 1998 kò gbà kí a fi ẹ̀rọ gáàsì sí ilé ìwẹ̀, àfi èyí tí a dé pa, tí ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ìta. Ìdí rẹ̀ ni pé gáàsì tí kò rí afẹ́fẹ́ tó nígbà tí ó ń jó a máa bí carbon monoxide, olóró tí kò ní òórùn, tí ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí wọ́n tó béèrè ibi tí àyè ṣófo sí, wọ́n ti béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà yóò ti mí. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àwa náà kọ́.

Ẹnì kan yóò wí pé, Bí mo bá gbé e síta, olè yóò gbé e lọ. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí a ní kí alágbẹ̀dẹ fi irin ṣe àgò fún un, kí a sì fi àgádágodo tì í. Kí àgò náà ní ojú púpọ̀, pàápàá ní ìsàlẹ̀, kí gáàsì lè rí ọ̀nà lọ. Owó àgò kò tó owó òrùlé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, Ayálégbé ni mí, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ̀yin onílé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Bí ẹ ti ń fi ibi kànga àti ilé ìyàgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi ibi sílíńdà sílẹ̀. Títí èyí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, kí ayálégbé ra sílíńdà kékeré, kí ó gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn tí ó ṣí síta, kí ó sì máa ti ẹnu rẹ̀ pa lálaalẹ́.

Kí sílíńdà dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, lábẹ́ ìbòòji. Kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní mítà 1 ó kéré tán, àti sí gọ́tà ní mítà 2. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ fi ọ̀pá bàbà gba inú ògiri dé ìdí sítóòfù. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi yẹ oríkèé rẹ̀ wò, kí a má ṣe fi iná wò ó láéláé. Òórùn tí a ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. A fi sí i láti kìlọ̀ fún wa ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má fọwọ́ kan iná mànàmáná, ẹ má ṣáná. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, kí gbogbo ilé sì jáde.

Ọyẹ́ ń bọ̀, nígbà tí a ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pinpin ní òru. Kí ó tó dé, kí baálé ilé kọ̀ọ̀kan wo ibi tí sílíńdà rẹ̀ wà, kí ó sì gbé e kúrò níbi tí àwọn ọmọ ń sùn.