Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Òwò

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan kì í tán nínú ilé wa: «Ìyá mi kò mọ̀wé, ó tajà kọ́lé. Kí ni ọmọ tún ń wá kọ́ nípa òwò ní yunifásítì?»

Ọgbọ́n ọjà kò kéré. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fi ojú owó ṣe òkú, tí ó pè é ní èrè, tí igbá sì dojú dé?

Ìyàtọ̀ ojú owó àti èrè wà lára ohun tí ọmọ ń kọ́ fún ọdún 3 ní Abomey-Calavi kí ó tó gba lísáǹsì, pẹ̀lú ìṣirò àti òfin. Kì í ṣe ohun àjèjì sí Ìjọ: Luca Pacioli, ẹlẹ́sìn Fransisi Mímọ́, tẹ ìwé kan ní Venise ní 1494, ó ṣàlàyé bí a ti ń kọ owó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: ibi tí ó ti wá, ibi tí ó lọ.

Ní ìsinmi yìí, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ọmọ máa kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà. Bí ó bá fara balẹ̀, tí kò sì fi irọ́ kún un, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ìríjú olóòótọ́ ni Olúwa ń wá.