"Báyìí ni À Ń Ṣe Nílé Wa" Kò Sọ Ìkà di Rere

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà a máa wí pé, "Báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Òwe náà dára, nítorí ó ń kọ́ wa kí a má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo àṣà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi í bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá fọwọ́ sí ni rere rẹ̀, kò sì sí òṣùwọ̀n mìíràn. Èmi wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wo òwò ẹrú. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ìlú Òṣogùn, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní 1864. Ṣáájú 1807, òfin Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí òwò yìí. Ní 1807, ó kà á léèwọ̀. Mo bèèrè: ṣé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò dun ẹrú ní 1806 ni? Òfin ni ó yí padà. Ìkà kò yí padà. Kí a má sì tan ara wa jẹ: àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ó kó Òṣogùn. Bí àṣà bá tó láti dá ni láre, a kò lè bá òyìnbó tí ó rà wá wí, a kò sì lè bá ara wa tí ó tà wá wí.

Ẹ tún wo Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, orílẹ̀-èdè 48 dìbò fún Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò sí ẹni tí ó dìbò lòdì sí i, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè 8 kọ̀ láti dìbò rárá, Gúúsù Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ fi ń wí fún gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé òun ni ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà. Kí ni èyí bí kò ṣe "báyìí ni à ń ṣe nílé wa"? Bí rere bá jẹ́ ohun tí ó wu oníkálukú, ìbò 1994 tí ó gbé Mandela dé orí oyè ì bá jẹ́ pípààrọ̀ aṣọ lásán.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ṣé kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó míṣọ́n fi ka ìlù àti orúkọ wa sí ẹ̀ṣẹ̀?" Òótọ́ ni. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n ka àṣà sí ìwà. Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń bọ ọwọ́: ọ̀nà méjì, ọ̀wọ̀ kan. Pé oníṣòwò kan ṣi òṣùwọ̀n lò kò wí pé òṣùwọ̀n kò sí láyé. Àwọn baba wa ti fi tiwa lé wa lọ́wọ́: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó kó owó ìlú nínú ẹgbẹ́ kejì ni à ń pè ní olè. Bí tiwa bá kó o, a ní ó gbọ́n. Akọ̀wé ìpolongo ni mo jẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti gbé ẹgbẹ́ wa ga, ṣùgbọ́n n kò lè fi gègé sọ dúdú di funfun.

Àwọn tí ó jà títí òmìnira fi dé ní 1960 kò wí fún òyìnbó pé ìjọba rẹ̀ kò wù wọ́n nìkan. Wọ́n wí pé kò tọ́. "Kò tọ́" yẹn ni ohun ìjà wa. Bí a bá sọ ọ́ nù nítorí olè kan tí ó jẹ́ tiwa, kí ni a ó fi dojú kọ aninilára lọ́la?