Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Dáhùn Ìbéèrè Tí A Kò Bi Í

Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Olè tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í jí iṣu. Inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ kí olóko fura. Kí ẹyinjú tó pọ́n, kí ikùn tó wú, ó ti ba ohun púpọ̀ jẹ́. Àrùn mẹ́dọ̀wú ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis. Oríṣi B àti oríṣi C ni ó máa ń fara pamọ́ pẹ́ jù lọ.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a máa fọkàn balẹ̀ pé, "Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn kò rí nǹkan kan." Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n wá? Àyẹ̀wò ibà, ibà nìkan ni ó ń wá. Àyẹ̀wò HIV kò sọ ohunkóhun nípa mẹ́dọ̀wú. Àyẹ̀wò tí ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pàápàá lè jáde láìlábùkù nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀. Àfi àyẹ̀wò tí a bá dárúkọ mẹ́dọ̀wú B àti C sí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní oríṣi B, ìdá 1.1 sì ní oríṣi C. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni oríṣi B wà lára wọn ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ìdá 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àyẹ̀wò ti fi hàn fún.

Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kún abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí ṣáájú ìgbà náà ni kò gbà á, àwọn náà sì ni òbí lónìí. Ìyá tí kò mọ̀ lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ó bá kó o báyìí, ó tó mẹ́sàn-án tí yóò máa gbé e kiri. Abẹ́rẹ́ tí a bá fún ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí i lè dáàbò bò ó.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ni àǹfààní mímọ àrùn tí kò gbóògùn. Èrò àtijọ́ ni. Oògùn oníhóró tí a ń lò fún oṣù mẹ́ta ń wo oríṣi C sàn pátápátá lára ọ̀pọ̀ jù lọ. Oríṣi B ní oògùn tí ń kápá rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ yóò jáwọ́ nínú ọtí, títí kan ẹmu tí Ìlá fi lókìkí, nítorí ọtí ń ran àrùn náà lọ́wọ́ láti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kò sídìí tí èsì àyẹ̀wò fi gbọdọ̀ tú àfẹ́sọ́nà ká: àjẹsára B wà fún ẹnì kejì, jíjẹun pọ̀ kì í sì í tan àrùn náà.

Ohun tí a ń béèrè kò gba ilé ńlá tuntun. A ti ń gba ẹ̀jẹ̀ aláboyún, a ti ń gba ti àwọn tí ń múra ìgbéyàwó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti ti Ifẹ́dayọ̀ rí i pé a fi ìbéèrè méjì yìí kún un ní gbogbo ibùdó ìlera alábọ́dé, kí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun má sì jẹ́ kí owó dí aláboyún lọ́wọ́. Ẹni tí a bá kọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ fi tọrẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdí, kí a sì júwe ọ̀nà dókítà fún un.

Títí di ìgbà náà, kí olúkúlùkù tí ó bá na apá fún abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò béèrè pé: "Ṣé mẹ́dọ̀wú B àti C wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ wò?" Ìbéèrè yẹn dínwó ju mọ́tò tí yóò gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí olè bá ti kó oko tán.