Epo Lọ Lójú Omi, Kò Lọ Nínú Ẹyin Ẹja

Bí epo bá dà sódò, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ: omi tó ń ṣàn á gbé e lọ, ẹja tó bá yè é ti yè é, èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn náà kò sì jẹ nínú rẹ̀. À ń gbọ́ ọ ní Trans-Nkisi níbí, níbi tí odò Nkisi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wa lọ sínú Odò Ọya. Àwọn tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jó sí gọ́tà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, ẹja a máa sá. Ìwádìí tí UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní 2011 sọ pé ẹja ń ṣí kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́. Ẹyin ńkọ́? Ibi tí ìyá yé e sí ló máa wà. Òjò tó ń mú odò kún ló ń pe àrọ̀ jáde wá yé ẹyin sára koríko tí omi bò lẹ́bàá odò. Òjò yẹn kan náà ló ń fọ gbogbo gọ́tà wa dà síbẹ̀. Ẹyin ẹja ní ọ̀rá, májèlé inú epo kì í sì í fẹ́ dúró nínú omi tó bá ti rí ọ̀rá. Inú ẹyin ló ń wọ̀ sí.

Ọkàn ọmọ ẹja ló ń kọ́kọ́ bá jà. Májèlé náà ń da potassium àti calcium tó ń mú ọkàn lù rú. Ọkàn á wá máa lù ségesège, omi á gbára jọ yí i ká, ọ̀pá ẹ̀yìn á ká kò. Ọ̀pọ̀ á kú. Àwọn tí kò kú ló ń tàn wá jẹ: wọ́n á pa, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́, a ó ní odò ti sàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá lé wọn, ọkàn yẹn kò gba eré àsápajúdé.

Ní March 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez da nǹkan bí 41 mílíọ̀nù lítà epo rọ̀bì sí omi Alaska. Títí di 1993, ẹyin ẹja salmon ṣì ń kú nínú àwọn odò tí epo kàn ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn onímọ̀ tún fi epo táṣẹ́rẹ́ kan ẹyin salmon, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ tó yè, wọ́n tú wọn sókun. Àwọn tó dàgbà padà wálé kò tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí epo kò kàn.

Ìpalára náà ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ pàápàá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, wọ́n fi benzo[a]pyrene, májèlé kan tó wà nínú epo rọ̀bì àti nínú ọ́ìlì tó ti jó, sínú oúnjẹ ẹja zebrafish. Àbùkù yọ lára àwọn ọmọ. Ó tún yọ lára àwọn ọmọ-ọmọ, tí wọn kò fẹnu kan oúnjẹ náà rí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi omi tó mọ́ lójú ṣe ẹ̀rí fún wa mọ́. Ẹni tó bá ní odò ti sàn, kó yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wò, kó yẹ ẹyin wò, kó sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àwọn ọmọ ẹja náà bá yé tiwọn. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ má dúró de ìwádìí kankan: ẹ máa gba ọ́ìlì yín sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tó ń rà á wà.