Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí



Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilé ìwòsàn kọ ìwé sí i pé kí ó wá rí dókítà akunnilóorun, ẹni tó ń fúnni ní oògùn tí a kì í fi í mọ ìrora. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ó bímọ. Inú bí i. Ó ní, "Ṣé torí pé mo sanra ni wọ́n ṣe fẹ́ là mí níkùn?" Ó ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

N kò dá a lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá sọ fún ìyàwó ilé pé ó sanra, ìyìn ni: ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Níbí, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwé yẹn kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe èpè. Ìlànà àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ yìí ni pé aláboyún tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ara sí gíga, bá tó 40 nígbà tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dókítà akunnilóorun létí ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 103, ti wà nínú wọn.

Kí ló fà á? Oyún ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọ̀rá sì tún ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kun irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lóorun pátápátá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tètè tán. Ó lè ṣòro láti ki rọ́bà ìmí bọ ọ̀fun rẹ̀, ohun tó wà nínú ikùn sì lè gòkè wá kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá lè bo eegun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ kò fi ní tètè rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú òru.

A bẹ ìyàwó wa títí, ó lọ. Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n tètè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọmọ kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó di iṣẹ́ abẹ. Inú rọ́bà yẹn náà ni wọ́n gbà fi oògùn kún oògùn. Kò sùn rárá. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan lè ní ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo àwa aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni pé ní Bìrìtéènì, ewu kí obìnrin dúdú kú nípa oyún ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ. Nítorí èyí gan-an ni kò ṣe yẹ kí ìtìjú dènà ìtọ́jú wa. Kí àwọn dókítà náà ṣọ́ ẹnu wọn: kí wọ́n sọ ìwọ̀n, kí wọ́n má bú ẹni.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ. Ẹ̀yin arábìnrin wa, bí ìwé náà kò bá dé, ẹ béèrè rẹ̀. Àdúrà wa ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tẹ̀ lé àdúrà náà.