Ẹgba Kì í Wo Àyà Jíjá

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wa, ó sì tó àkókò láti bá a wí. Bí ọmọ kan bá dìde lójijì nínú kíláàsì, tí ó ń gbọ̀n bí ewé, tí ó ń mí gúlegúle, tí ó sì ń wá ọ̀nà àtisá jáde, ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ máa ń nawọ́ mú ni pàṣán. Àwọn kan yóò ní ọmọ náà ń ṣe ojo. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń béèrè ohun tí ojú ọmọ náà ti rí kí ó tó dé iwájú wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹgba kì í ṣe oògùn àyà jíjá. Olùkọ́ tí ó bá ń fi í ṣe oògùn, àrùn ni ó ń dá kún.

Kí ni àrùn yìí? Ẹlẹ́dàá dá ìbẹ̀rù mọ́ ènìyàn fún ire rẹ̀. Bí ẹkùn bá yọ sí ọdẹ lójijì, ara ọdẹ yóò tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀; àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, èémí rẹ̀ yóò yára, ẹ̀jẹ̀ yóò sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, kí ó lè jà tàbí kí ó lè sá. Nígbà tí ewu bá kọjá, ara yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewu bá dúró tì fún oṣù tàbí fún ọdún, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ lè gbàgbé bí a ti ń rọlẹ̀. Ẹkùn ti lọ, ara kò mọ̀. Ilẹ̀kùn tí a pa dé gbàà, òórùn epo ọkọ̀, ohùn ẹni tí ń jágbe, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti mú kí ara tún kígbe ẹkùn. Àyà yóò já, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bo ojú, ọ̀fun yóò há, ẹni náà yóò sì rò pé òun ń kú lọ tàbí pé orí òun ń dàrú. Kò kú, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìjáyà náà a máa dé góńgó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn.

Ohun tí ó burú jù ni èyí tí ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ti jáyà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀. Yóò yẹra fún ọkọ̀, yóò yẹra fún ọjà, yóò yẹra fún ilé-ìwé, títí gbogbo ayé rẹ̀ yóò fi kéré bí iyàrá tí ó ń sùn. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà to ìjáyà òjijì yìí, àti àìsàn tí ọgbẹ́ ọkàn ń fà, sínú ìwé àrùn wọn lábẹ́ orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n kí ìwé náà tó wà, nítorí àwọn ni wọ́n sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò pe ẹni náà ní ojo.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń gba ara ènìyàn là kí a sì gbàgbé ọkàn rẹ̀, kí ó wo ìtàn Libreville, olú-ìlú Gabon. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ìlú Òmìnira. Ní ọdún 1846 ni àwọn ọmọ-ogun ojú omi Faransé mú ọkọ̀ ẹrú kan tí ń jẹ́ Elizia. Ní ọdún 1849 ni wọ́n sì fi 52 nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tẹ ìlú náà dó. Wọ́n fún wọn ní ahéré àti ilẹ̀ tí wọn yóò máa ro. Ta ni ó béèrè ohun tí wọ́n ń lá lójú oorun?

Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, Gabon wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí ó gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1968. Libreville di ibi tí a ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ. Òru ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbé wọn ní Uli, nínú òkùnkùn biribiri, nítorí ìbẹ̀rù bọ́ǹbù. Wọ́n rí oúnjẹ àti oògùn, ara wọn sì mókun. Ní òpin ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971 ni a kó wọn padà sílé, inú ayé sì dùn. Oore ńlá ni, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ọmọ tí a gbé kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní òru, tí bọ́ǹbù sì ti dún sí létí, kò lè ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ó fi ẹ̀rù sílẹ̀ sórí àga.

Ti ọdún 1978 kan ilé Yorùbá. Ní oṣù kìíní ọdún 1977 ni Bob Denard kó àwọn ọmọ-ogun agbowó-jà wọ Kútọnu, ìjọba Kérékou sì fẹ̀sùn kan Gabon pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìjà àwọn olórí méjèèjì gbóná títí, nígbà tí ó sì di oṣù keje ọdún 1978, Ààrẹ Bongo pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Benin kó jáde. Wọ́n lù wọ́n ní ìgboro Libreville, wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú kó wọn lọ sí Kútọnu. Iye wọn tó 9,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, akọ̀wé àti olùkọ́ ni wọ́n, àwọn tí ń sọ Yorùbá nílé sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó dé Àjàṣẹ́ tàbí Kétu pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo lọ́rùn, “Ẹ kú ewu” ni wọ́n kí i. Ìkíni náà dára, ṣùgbọ́n ewu inú ọkàn kò tíì kọjá.

Ní ọdún 2001 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno gbéra ní Kútọnu, ó forí lé Libreville. Ìròyìn tàn ká ayé pé ó kó ọmọdé tí wọ́n fẹ́ lọ fi ṣe ẹrú. Libreville kò gbà á, Douala náà kò gbà á. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ni ó padà sí Kútọnu. Àwọn ọmọdé tí a bá nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ariwo ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ariwo náà fi hàn pé láti Benin, Togo àti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó ọmọ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Gabon. Ìlú tí a fi àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira tẹ̀ dó ti wá di ibi tí a ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sìnrú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà Libreville jìn, kí ó wo ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó jáde. Ìdílé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò kò gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ilé ìsìn Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa àwọn olùjọsìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń padà sí orí bẹ́ńṣì. Olùkọ́ wo ni ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ọ̀kan nínú kíláàsì òun?

Àwọn kan ń jiyàn pé àwọn baba wa jagun títí, wọn kò ní irú àìsàn yìí. Irọ́ ni. Àwọn tí wọ́n mú Àjàyí ní Òṣogùn ní ọdún 1821 sọ ọ́ di ẹrú, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ròyìn pé nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí wọ́n kó àwọn sínú ọkọ̀ wọn, àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́ àti ọta ìbọn ńlá nílẹ̀, àwọn sì rò pé ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. A ti gba ọmọ náà là, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń rí ikú níbi gbogbo. Ọmọ yìí kan náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní ọdún 1864. Kí ẹni tí ó bá ní àyà pè é ní ojo.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kí olùkọ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé àdúrà tàbí ilé babaláwo. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má gbàdúrà. Àdúrà tí ó bá mú ọkàn balẹ̀, ire ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo fi ọ̀nà hàn wá ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954. Ó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé àyíká, láàárín ẹbí àti ará, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ó sì bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n Lambo kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti de ọmọ mọ́lẹ̀ kí a sì máa fi ẹgba lé ẹ̀mí jáde. Ìwà ọ̀daràn ni ìyẹn.

Àwọn kẹta ni wọ́n ní ẹjọ́ púpọ̀ jù: wọ́n ní bí a bá ń kẹ́ ọmọ, yóò bàjẹ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó sì yẹ kí a fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ tí ń jáyà pé kí ó máa lọ ilé, kí ó má sì padà, òun náà ti pa á lára, nítorí sísá ni oúnjẹ ìbẹ̀rù. Ọmọ gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹni tí ó gbọ́kàn lé. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí ẹ̀rù ti bá wí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó kù fún un.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò le, kò sì gba owó. Kí olùkọ́ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n ojú ọmọ náà, kí ó sì lé àwọn tí ó pé jọ sẹ́yìn. Kí ó sọ fún un pé ìjáyà ni, yóò sì kọjá. Kí àwọn méjèèjì jọ mí: kí wọ́n fa èémí sínú nígbà tí a bá ka oókan dé ẹẹ́rin, kí wọ́n sì rọra tú u jáde nígbà tí a bá ka oókan dé ẹẹ́fà. Kí ọmọ náà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó dárúkọ ohun márùn-ún tí ó ń rí, kí ó lè mọ̀ pé kíláàsì ni òun wà, kì í ṣe inú igbó. Kí a má ṣe fi ipá bi í léèrè ìtàn rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ikọ́ fée, wárápá àti àrùn ọkàn lè fara jọ ìjáyà. Bí kò bá sàn, tàbí bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ni ó kàn. Wọ́n ní ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ń tú okùn ìbẹ̀rù, wọ́n sì ní oògùn fún ẹni tí ó bá tọ́ sí.

Olùkọ́ náà kò ju ènìyàn lọ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dé, tí ó sì ń gba ọ̀nà àwọn ajínigbé lọ sí ibi iṣẹ́, lè jí ní òru kí àyà rẹ̀ máa já. Ìmọ̀ràn kan náà ni fún un: kí ó máa sùn ní àsìkò, kí ó máa rìn, kí ó má fi ọtí pa ẹ̀rù, kí ó ní ẹnìkan tí ó lè sọ tinú rẹ̀ fún, kí ó má sì tijú dókítà.

Àwọn tí ó kù yóò ní iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Dókítà mélòó ni ó wà ní abúlé? Olùkọ́ ni ó ń rí ọmọ ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 2023 ni Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, dípò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin náà kò ní dé kíláàsì bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé e débẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ fi ẹ̀kọ́ ìjáyà kún ẹ̀kọ́ wọn. Kí ìjọba yan olùkọ́ kan ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí yóò mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Kí àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé, tí wọ́n ń ka àga, tí wọ́n ń ka ìwé orúkọ, tí wọ́n sì ń ka ìwé ẹ̀kọ́ olùkọ́, máa béèrè pẹ̀lú pé: ọmọ mélòó ni ó jáyà ní sáà yìí, kí ni ẹ sì ṣe?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A lè fún ìlú ní orúkọ Òmìnira, a lè já ẹ̀wọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀, a lè fi ọkọ̀ gbé ènìyàn délé láyọ̀. Títí àyà rẹ̀ yóò fi balẹ̀, a kò tíì gbà á sílẹ̀ tán.