Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń dúró sí lẹ́ńtù? Ìṣirò owó ilé kíkọ́ kọjá àfojúdá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tàbí tó wọ ìgboro ìlú yòówù nílẹ̀ Yorùbá, yóò rí ilé tí wọ́n kọ́ dé lẹ́ńtù tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Òmíràn nínú wọn, owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba ló wọlẹ̀ síbẹ̀. Òmíràn, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé bíríkìlà ló jẹ owó, tàbí pé ayé ló ń ṣe onílé. Lóòótọ́, àwọn bíríkìlà kan wà tí ọwọ́ wọn kò mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé wọn kò ṣírò owó ilé ọ̀hún dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọdún 2023 ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Báǹkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀, bí dọ́là sì ṣe ń gòkè ni irin, páànù àti sìmẹ́ǹtì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì tó wà ní nǹkan bí N5,000 ti kọjá N10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, débi tí mínísítà fọ́rọ̀ iṣẹ́ òde, David Umahi, fi pe Dangote, BUA àti Lafarge sí ìpàdé. Wọ́n fẹnu kò pé kí àpò kan máa wà láàárín N7,000 sí N8,000. Ká ní ẹnì kan ti ṣírò 400 àpò ní N5,000, N2 mílíọ̀nù ló ní lọ́kàn. Ní N10,000, sìmẹ́ǹtì nìkan ti di N4 mílíọ̀nù, owó ìfẹ̀yìntì kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi bíríkìlà ni pé, "Èló ni ilé oníyàrá mẹ́ta?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀ láì rí àwòrán ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Ilẹ̀ olókùúta ní Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ àbàtà ní Lẹ́kí kò lè gba ìpìlẹ̀ kan náà láéláé.

Kíka nǹkan ni ìṣirò fi ń bẹ̀rẹ̀, owó ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ mú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó àti 12 níbùú, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ojú ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ jẹ́ 432. Bí a bá yọ ojú ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan, yóò ku nǹkan bí 395. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án gùn ní ínṣì 18, ó sì ga ní ínṣì 9, èyí tó fi hàn pé yàrá náà yóò gba nǹkan bí 350. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ á dín in kù díẹ̀, àwọn tó bá fọ́ lójú ọ̀nà á sì gba díẹ̀ padà. Ògiri tí yàrá méjì bá jọ pín, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí wọ́n kà á. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkà àwọn kan ti ń di méjì.

Irin náà ní òǹkà tirẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan irin 12mm tó pé ìwọ̀n, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní mítà 12, jẹ́ ọ̀pá 93 tàbí 94. Ti 16mm jẹ́ nǹkan bí 53. Bí ontajà bá ka 110 ọ̀pá 12mm fún oníbàárà, tó ní tọ́ọ̀nù kan nìyẹn, kí oníbàárà má tíì máa dúpẹ́, nítorí irin náà ni kò nípọn tó.

Ní abúlé, yanrìn lè wà létí odò láìgba owó, ṣùgbọ́n tìpà tó máa gbé e, àti ọkọ̀ tó máa kó sìmẹ́ǹtì láti ìlú gba ọ̀nà tó ti bàjẹ́, owó ni. Àwọn tó ń ṣírò kì í sábà rántí èyí. Bákan náà ni òrùlé, rírẹ́, iná, omi, fèrèsé àti ọ̀dà, tí wọ́n lè gba owó tó tó èyí tí wọ́n ná dé lẹ́ńtù.

Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí wọ́n kéde N1.06 tírílíọ̀nù fún kìlómítà 47.47 àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, àwọn èèyàn pín in, wọ́n rí ohun tó lé ní N22 bílíọ̀nù fún kìlómítà kan, ariwo sì ta. Pínpín bẹ́ẹ̀ kò tó láti dá ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà pọ̀ jù gbọ́dọ̀ rí ìwé tí wọ́n ka kọnkéré, irin àti yanrìn tí wọ́n fi dí àbàtà sí, ohun tí onílé ń béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà gan-an nìyẹn.

Láti ọdún 1986 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń forúkọ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò yìí sílẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní quantity surveyor. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká wọn lè fún bíríkìlà méjì ní àwòrán kan náà, kí wọ́n kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì bi wọ́n ibi tí òǹkà wọn ti yàtọ̀. Kó kọ ọjọ́ sórí ìwé náà, kó sì fi nǹkan bíi N10 lé orí N100 kọ̀ọ̀kan. Irin àti búlọ́ọ̀kù ṣe é rà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kò ṣe é kó pamọ́ bẹ́ẹ̀, torí bó bá ti ń lọ sí bí oṣù mẹ́ta nílé, agbára rẹ̀ á ti máa dín kù.